Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí Ẹ Tó Gbéra Lọ Rí Dókítà Àgbà

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí láti Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn abúlé tó yí wọn ká, orí kílíníìkì dókítà àgbà ní ilé ìwòsàn ìjọba ni púpọ̀ nínú wọn dá lé. A mú mẹ́fà, a gé wọn kúrú, a sì yọ orúkọ ènìyàn àti ti ilé ìwòsàn kúrò nínú wọn.

Ojú ń ro ìyá mi, ó sì ń ríran bàìbàì. Ìdájí la gbéra ní Ọ̀yọ́, a dé ilé ìwòsàn ńlá kan kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó sọ fún wa pé a kò ní lẹ́tà, pé kí a lọ rí dókítà gbogboogbò ná. Ṣé wọn kò fẹ́ tọ́jú wa ni? — Ọmọ Ìyá Alágbàdo, Òwódé, Ọ̀yọ́

Ẹ kú wàhálà, ẹ sì bá wa kí ìyá. Ó dùn wá pé àgbàlagbà jókòó látàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó là á yé e pé ibòmíràn ló yẹ kó kọ́kọ́ yà sí. Ẹni tó wà nídìí káàdì ló yẹ kó ti sọ ọ́ ní kùtùkùtù. Ṣùgbọ́n lẹ́tà referral, ìyẹn ìwé tí dókítà fi ń rán aláìsàn sí dókítà mìíràn, tí wọ́n béèrè nídìí.

Ìpele mẹ́ta ni ìtọ́jú ìjọba ní ilẹ̀ wa. Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó wà ládùúgbò ni àkọ́kọ́, Jẹ́nẹ́rà tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń bójú tó ni ìkejì, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà, irú LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti UCH n'Íbàdàn, ni ìkẹta. (Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà ń kọ́ dókítà, ṣùgbọ́n ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, kì í ṣe ti ìjọba.) Ìpele kẹta ni àwọn dókítà àgbà pọ̀ sí jù: ti ojú, ti ọkàn, ti kíndìnrín, ti eegun, ti ọpọlọ. Kílíníìkì wọn kì í sì í ṣí lójoojúmọ́. Ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ ni ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní. Ní ọjọ́ yòókù, dókítà kan náà wà níbi iṣẹ́ abẹ tàbí ní wọ́ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní dókítà mẹ́rin jókòó láti aago 9 àárọ̀ di aago 1 ọ̀sán. Ìṣẹ́jú 240 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 960. Aláìsàn tuntun lè gba ìṣẹ́jú 30, torí dókítà á gbọ́ bí àìsàn ṣe bẹ̀rẹ̀, á sì yẹ ara wò. Ẹni tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lè gba 10. Bí ẹni tuntun bá jẹ́ 12, wọ́n gba ìṣẹ́jú 360. 600 tó kù tó fún ẹni àtijọ́ 60. Bí ẹni tuntun bá di 25 ńkọ́? Wọ́n gba 750, ó ku 210, ẹni àtijọ́ 21 péré ló máa wọlé bó ṣe yẹ. Àwọn 39 yòókù, wọ́n á sáré rí wọn ní ìṣẹ́jú méjì méjì, tàbí kí wọ́n ní kí wọ́n padà wá. Ìyẹn ni pé ẹnì kan tí Jẹ́nẹ́rà ì bá tọ́jú ti gba àyè ẹni mẹ́ta. Lára àwọn mẹ́ta yẹn ni ẹni tí glaucoma, àìsàn ojú tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, ń jẹ lójú lọ díẹ̀díẹ̀ lè wà, bẹ́ẹ̀ ìríran tí glaucoma bá ti mú lọ kì í padà wá mọ́. Ìdí lẹ́tà nìyẹn: kí wọ́n lè mọ ẹni tó yẹ kó wọlé àti ẹni tó yẹ kó yá ju àwọn tó kù lọ.

Ní ti ìyá yín gan-an, ẹ má fi ojú ríro pẹ̀lú ìríran bàìbàì ṣeré. Bí ojú náà bá pọ́n, tí ìyá ń bì, tàbí tí ó ń rí òrùka aláwọ̀ yí iná lámpù ká, ẹ̀ka pàjáwìrì ni kí ẹ gbé e lọ lónìí. Kò nílò lẹ́tà. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ gbé e lọ sí Jẹ́nẹ́rà tó wà nítòsí yín lọ́la kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ má kán ohunkóhun sí i: kì í ṣe ìtọ̀, kì í ṣe omi ṣúgà, kì í ṣe oògùn ojú tí aládùúgbò lò kù. Àwọn oògùn ojú kan wà tó ní steroid nínú, tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ń gbé ìfúnpá inú ojú sókè bí a bá lò wọ́n pẹ́. Bí wọ́n bá wá rí i pé glaucoma ni, kí ẹ̀yin ọmọ àti àwọn àbúrò ìyá náà lọ yẹ ojú yín wò, torí ó máa ń rìn nínú ẹbí.

Bí ẹ bá tún bá ara yín ní ilé ìwòsàn ńlá láìní lẹ́tà, ẹ béèrè GOPD. Ibẹ̀ ni dókítà gbogboogbò wà, àwọn ló sì ń kọ ìwé sí kílíníìkì inú ọgbà kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé ó sábà máa ń di ìrìn ọjọ́ méjì.

Ìlà kan péré ni lẹ́tà tí dókítà kọ fún mi: "Ẹ bá mi tọ́jú aláìsàn yìí." Nígbà tí mo débẹ̀, gbogbo àyẹ̀wò ni wọ́n tún ṣe. Owó mi tán síbẹ̀. Kí ló yẹ kó wà nínú lẹ́tà? — Káfíńtà, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀sùn yín tọ̀nà. Lẹ́tà ìlà kan kì í ṣe lẹ́tà, pásì lásán ni. Èyí tó pé máa ń sọ orúkọ, ọjọ́ orí àti nọ́ńbà fóònù aláìsàn. Ohun tó ń ṣe é àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí dókítà rí nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò, tó fi mọ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ìgbóná ara àti bí ó ṣe wúwo sí. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe, èsì rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Oògùn tí ó ti lò, ìwọ̀n rẹ̀, iye ọjọ́. Oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè gan-an: kí la fẹ́ kí dókítà àgbà ṣe? Ṣé iṣẹ́ abẹ ni, ṣé àyẹ̀wò tí kò sí lọ́dọ̀ wa ni, àbí ìmọ̀ràn lórí oògùn? Kí orúkọ, fóònù, ìbọwọ́lùwé àti ọjọ́ wà nísàlẹ̀. Kò sí àbùkù nínú kí ẹ ka lẹ́tà náà níwájú dókítà, kí ẹ sì wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fi èsì àyẹ̀wò mi sí i." Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni yóò gbà á, ó sì lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà lọ́wọ́ òfò fún yín.

Ohun tó ń fà á tí wọ́n fi ń tún àyẹ̀wò ṣe pọ̀. Nígbà mìíràn, èsì náà ti pẹ́: ẹ̀jẹ̀ tí a yẹ̀ wò ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn kò lè sọ bí ara ṣe rí lónìí. X-ray eegun tó ṣẹ́ pàápàá, wọ́n á fẹ́ tún un yà, torí eegun lè ti yẹ̀ lójú ibi tó wà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dun wá jù ni àtúnṣe tí kò yẹ kó wáyé. Ọ̀kan ni orúkọ tí kò bára mu: Àjàní wà lórí èsì, Sunday wà lórí káàdì, kò sì sẹ́ni tó lè búra pé ẹnì kan náà ni. Orúkọ kan ni kí ẹ máa lò níbi gbogbo, bí ó ṣe wà lórí ìwé ìdánimọ̀ yín. Èkejì ni ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ àti ọjọ́. Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n: ibì kan ń kọ ṣúgà ní mg/dL, ibòmíràn ní mmol/L. Bí 126 ti àkọ́kọ́ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lo èkejì láìkọ ìwọ̀n síwájú rẹ̀, ó máa dààmú. Ẹ fi 18 pín in, ó di 7.

Ẹ kó ojúlówó èsì sínú fáìlì oníke kan. Ẹ má ká fíìmù X-ray, ẹ má sì fi síbi tí oòrùn wà. Kí ẹ kó páálí oògùn lọ. "Èyí pupa tó gùn" kò ran dókítà lọ́wọ́. Kí ẹ sì ya fọ́tò ìwé kọ̀ọ̀kan sórí fóònù.

Bí wọ́n bá ti tọ́jú yín tán, ẹ béèrè lẹ́tà èsì tí ẹ máa mú padà fún dókítà tó rán yín. Ibí gan-an ni ètò wa ti ń já jù, ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe ti aláìsàn. Dókítà Jẹ́nẹ́rà tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò lè bá a lọ. Ló ṣe jẹ́ pé aláìsàn á tún máa rin ìrìn ọ̀nà jíjìn fún ohun tí wọ́n lè ṣe nítòsí ilé rẹ̀.

Ọjọ́ wo ni èrò kì í pọ̀ ní kílíníìkì? Mo ń tajà, mi ò lè máa fi odidi ọjọ́ ṣòfò. — Aláṣọ, Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Ọjọ́ tí kílíníìkì yín ń wáyé lọ́sẹ̀ ni wọ́n ti yàn, ẹ kò lè pa á dà. Ṣùgbọ́n ẹ lè sá fún àwọn ọjọ́ kan. Mọ́ńdè máa ń kún, torí àìsàn ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè ló ń dà lé e lórí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì àwọn dókítà burú jù lọ. Bí ìsinmi ọdún Iléyá tàbí Àjíǹde bá sì bọ́ sí ọjọ́ kílíníìkì yín, èrò ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò pàdé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò níwájú nọ́ọ̀sì tó ń kọ ọjọ́ sí káàdì, ẹ wo kàlẹ́ńdà.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ná ọjà ọrọọrún kì í fura sí. Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ọjà bẹ́ẹ̀ ń yí po, bí a tilẹ̀ ń kà á ní márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kílíníìkì jẹ́ ọjọ́ 28, ọ̀sẹ̀ méjìlá jẹ́ 84. Méjèèjì ni 4 pín dọ́gba. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín lẹ́ẹ̀kan bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin tàbí méjìlá méjìlá ni yóò máa bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Kì í ṣe àìríire, ìṣirò ni. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó dá ọ̀sẹ̀ 11 tàbí 13 fún yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á ya ara wọn. Kí ẹ kàn rí i pé oògùn ọwọ́ yín tó di ọjọ́ náà.

Ọkọ mi ní àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń lọ sí kílíníìkì. Ara rẹ̀ ti le. Ṣé a kò lè máa ra oògùn kan náà ní kẹ́míìsì, kí a fi owó ọkọ̀ pamọ́? — Ìyàwó Olùkọ́, Arówómọlé, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ má ṣe é. Oògùn ló mú ara wọn le. Àìsàn méjèèjì kì í pariwo títí yóò fi ba nǹkan jẹ́, kì í sì í ṣe bóyá ara le ni wọ́n ń wò ní kílíníìkì. Wọ́n ń wo HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n ń wo ìtọ̀ àti creatinine inú ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń wo àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n sì ń fi aláìsàn ránṣẹ́ sí dókítà ojú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí kíndìnrín bá ń rẹlẹ̀, a gbọ́dọ̀ dín metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, kù tàbí kí a dá a dúró. Kẹ́míìsì tó ń ta á kò lè mọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ tí ẹ sọ kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú di. Òun ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dáwọ́ kílíníìkì dúró. Ẹ bá dókítà àgbà sọ ọ́ ní gbangba, kí ẹ sì bèèrè bóyá, níwọ̀n ìgbà tí ara wọn ti wà lójú kan, wọ́n lè kọ lẹ́tà sí Jẹ́nẹ́rà tàbí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó sún mọ́ yín, kí wọ́n máa wọn ìfúnpá àti ṣúgà níbẹ̀ lóṣooṣù, kí bàbá máa wá sí kílíníìkì ńlá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Kí lẹ́tà náà sọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n tètè padà wá: bí ìfúnpá bá ń jẹ́ 180/110 léraléra, bí egbò bá yọ lẹ́sẹ̀ bó ti wù kó kéré tó, bí ojú bá ṣàdédé ṣú. Bí ṣúgà bá sì wálẹ̀ ju 70 mg/dL lọ, tí wọ́n ń làágùn tí ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin sínú omi fún wọn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí wọn kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má rọ ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ẹ sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Àṣìṣe ńlá kan tún wà tí a fẹ́ kí gbogbo ilé tó ní aláìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ̀. Lọ́jọ́ kílíníìkì, ọ̀pọ̀ kì í lo oògùn àárọ̀. Wọ́n ní àwọn gbààwẹ̀ fún àyẹ̀wò, tàbí kí dókítà lè rí bí ara àwọn ṣe rí gan-an. Ìfúnpá á ga, dókítà á rò pé oògùn kò ká a, á fi kún un. Nígbà tí wọ́n bá padà délé tí wọ́n ń lo gbogbo rẹ̀, ìfúnpá á já wálẹ̀, òòyì á kọ́ wọn, wọ́n á ṣubú ní balùwẹ̀. Nítorí náà, kí bàbá fi omi gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn mì láàárọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Ààwẹ̀ àyẹ̀wò ṣúgà jẹ́ wákàtí 8, omi lásán kò sì bà á jẹ́. Oògùn ṣúgà àti oúnjẹ ni kí wọ́n gbé dání, kí wọ́n lò ó bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ tán tí wọ́n fẹ́ jẹun, àfi bí dókítà wọn bá ti sọ ohun mìíràn. Kí wọ́n má jẹ obì tàbí mu kọfí ní ìṣẹ́jú 30 kí wọ́n tó wọn ìfúnpá. Kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì.

Bí ọjọ́ kan bá sì yẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, kí wọ́n lọ ní ọjọ́ kílíníìkì tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù pé wọ́n á bú àwọn ló ń mú kí oṣù kan di ọdún kan fún ọ̀pọ̀.

Rọpárọsẹ̀ kọ lu ẹ̀gbọ́n mi lójijì. A kọ́kọ́ lọ wá lẹ́tà ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, kò sí dókítà, a dúró di ọ̀sán. Ṣé a ṣe é dáadáa? — Ọlọ́kadà, Orílé-Ìgbọ́n

Ẹ kú ìrora. Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é, ẹ sì tẹ̀ lé ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ, ṣùgbọ́n pàjáwìrì kò nílò lẹ́tà. Òfin Ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014, ní abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá rú u lè san ìtanràn ₦100,000, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí kó gba méjèèjì.

Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá kan kò ṣeé gbé, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ẹnu, ẹ wo aago. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni ààyè rẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n rí aláìsàn kẹ́yìn tí ara rẹ̀ ṣì yá. Wọn kò sì lè fún un láìkọ́kọ́ ya sikáànù CT, àwòrán inú orí, torí bí ó bá jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́, oògùn yẹn á pa á. Gbogbo ilé ìwòsàn kọ́ ló ní oògùn náà. Nítorí náà, bí ẹnì kan ṣe ń wá ọkọ̀, kí ẹlòmíràn máa pe ilé ìwòsàn: "Ṣé sikáànù CT yín ń ṣiṣẹ́ lónìí?" Bí àkókò náà bá tilẹ̀ ti kọjá, ẹ ṣì yára, ìtọ́jú tó tètè bẹ̀rẹ̀ ń dín àbùkù ara kù.

Ẹ má fún un ní omi, oúnjẹ tàbí àgbo, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Kò gbọdọ̀ lo aspirin kí wọ́n tó ya sikáànù, bẹ́ẹ̀ ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹlòmíràn ń lò kò yẹ ẹ́. Ìfúnpá tó já wálẹ̀ lójijì lè pa kún ọpọlọ tó ti fara pa. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ṣúgà, ẹ gún ìka rẹ̀, torí ṣúgà tó wálẹ̀ jù lè fara jọ rọpárọsẹ̀.

Aláboyún tí gìrì mú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ọmọ tí kò lè mí dáadáa, ẹni tí ejò bù jẹ, ẹni tí àyà ń fún mọ́ra pẹ̀lú òógùn: ẹ̀ka pàjáwìrì tààrà.

Àwọn mìíràn wà tí kì í ṣe ti wákàtí, ṣùgbọ́n tí kò yẹ kó dúró de oṣù mẹ́ta: kókó nínú ọmú, ẹyin ojú ọmọdé tó ń tàn funfun, egbò ẹnu tàbí ohùn híhá tó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀. Jẹjẹrẹ lè wà nídìí wọn. Ìwọ̀nyí nílò lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹ bẹ dókítà kó kọ "kíákíá" sí i lórí, kí ẹ sì sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì bí ẹ bá ti dé. Ikọ́ tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì ní tirẹ̀, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ fún àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn TB lábẹ́ ètò ìjọba.

Mo ní káàdì adójútòfò ìlera, síbẹ̀ wọ́n ní kí n san gbogbo owó ní kílíníìkì ọkàn. Kí ni káàdì náà wà fún? — Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, Ògbómọ̀ṣọ́

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kóòdù ni ẹ kò ní. Lábẹ́ NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, ilé ìwòsàn tí ẹ yàn sórí káàdì ni ẹ ní láti kọ́kọ́ lọ. Bí àìsàn bá ju agbára wọn, wọ́n á kọ lẹ́tà, wọ́n á sì gba kóòdù lọ́dọ̀ HMO yín, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìtọ́jú yín. Kóòdù yẹn ni dókítà àgbà fi ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Láìsí i, lójú wọn, aláìsàn tó ń sanwó lápò ni yín. Bí ẹ bá ní i, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn ni ẹ̀yin máa san. Kóòdù ìjókòó pẹ̀lú dókítà kì í sábà ká àyẹ̀wò ńlá, irú echo, àwòrán ọkàn. Ìyẹn nílò kóòdù tirẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń há. Ẹ pe HMO lọ́jọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kílíníìkì, kí ẹ gba kóòdù náà sórí fóònù, kí ẹ sì rí i pé orúkọ tó wà nínú rẹ̀ bá ti káàdì mu. Ẹni tó wà lábẹ́ OYSHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí ó béèrè ní ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ ọ́ sí bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí lẹ́tà rẹ̀, kó tó wọkọ̀.